Bí Ọmọ Àkúrẹ́ Ṣe Lè Kọ́ Orin Fayolíìnì Ìbílẹ̀ Swídìn àti Nọ́wè

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òbí tàbí alágbàtọ́ tó ń gbé ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó tàbí ní àyíká wọn, tí ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ orin fayolíìnì ìbílẹ̀ àwọn ará Swídìn tàbí Nọ́wè lórí fóònù, tó sì ti sọ pé òun náà fẹ́ máa ta á. Kò yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu, nítorí pé ọmọ tó bá ti ń ta fayolíìnì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin mìíràn tó yàtọ̀ sí orin ìyìn tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí mọ̀ ṣáájú ni pé orin ijó ni orin yìí, ẹsẹ̀ àti etí ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìwé. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà ìwé lè mọ gbogbo ohùn inú orin náà láìsí àṣìṣe, síbẹ̀ kí ará Swídìn tó bá fẹ́ jó sí i má mọ ìgbà tí yóò gbé ẹsẹ̀.

Ní Swídìn, orin tí wọ́n ń pè ní polska ló gbawájú. Òǹkà mẹ́ta ló ní, ijó tọkọtaya tó ń yí po ni wọ́n sì ń jó sí i. Láti ilẹ̀ Póláǹdì ni irú ijó bẹ́ẹ̀ ti wọ ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí ọdún 1600. Lẹ́yìn polska, orin ìrìn wà tí wọ́n ń pè ní gånglåt, èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé ní méjì méjì, orin ìyàwó sì wà tí wọ́n fi ń sin ọkọ àti aya lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Nọ́wè, springar ni tiwọn tó ní òǹkà mẹ́ta, nígbà tí gangar jẹ́ orin ijó ìrìn, tí halling sì jẹ́ ijó agbára tí ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń fò sókè láti fi ẹsẹ̀ gbá fìlà tí ẹnìkan fi ọ̀pá gbé sókè. Ohun tí ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò sí ìlù nínú gbogbo rẹ̀. Onífayolíìnì kan ṣoṣo lè mú kí gbogbo ilé jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ìlù náà wà nínú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń fa ọ̀pá onírun ẹṣin, ó sì tún wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara láti wá ohun èlò pàtàkì kan. Àwọn ará Nọ́wè ní fayolíìnì tiwọn tó ń jẹ́ hardingfele, tí wọ́n fi ìkarahun olómi dídán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí orí rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ orí kìnnìún tàbí ti ẹranko abàmì. Lábẹ́ okùn mẹ́rin tí wọ́n ń ta, okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, tí wọ́n kàn ń dún fúnra wọn nígbà tí ti òkè bá dún. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú èyí tí a mọ̀ ni Ole Jonsen Jaastad ṣe, ọdún 1651 ló sì wà lára rẹ̀. Ohun tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì sí nítòsí wa. Fayolíìnì lásán tí ọmọ fi ń ta orin ìyìn tó fún gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe, òun náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ onífayolíìnì Swídìn ń lò.

Ìwọ̀n fayolíìnì náà ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta gbọọrọ, kí ẹ sì wọn ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ dé àárín àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá jẹ́ bí i sẹ̀ǹtímítà 47, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ rà. Bí ó bá tó 51, ààbọ̀ ni. Bí ó bá tó 56, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Tí ó bá sì ti lé ní 58, ọmọ náà ti tó ta ti àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ra èyí tó tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a, bí ẹni ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe é. Ọmọ tí apá rẹ̀ kò tó yóò máa na ìka títí yóò fi máa ro ó, ọwọ́ ọ̀tún tó yẹ kó máa jó yóò sì gan. Ẹ ra àlòkù tó dára tí ọmọ ìjọ kan ti dàgbà kọjá rẹ̀, kí ẹ sì tún tà á fún ẹlòmíràn nígbà tí tiyín náà bá dàgbà.

Ojú ọjọ́ wa kò ṣàánú igi fayolíìnì. Ní ìgbà òjò, àwọn èèkàn tí a fi ń yí okùn máa ń wú, wọn a sì le. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, wọn a gbẹ, wọn a máa yọ̀, okùn a sì tú fúnra rẹ̀ lóru. Ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé díẹ̀ tí a fi pa ara èèkàn yóò jẹ́ kó dì mú. Ọyẹ́ yìí kan náà máa ń sún irun ọ̀pá kì, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ọmọ tú irun náà dẹ̀ nígbàkígbà tó bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá lè tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Ẹ má fi fayolíìnì sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ní Ọjà Ọba, bó ti wù kí ohun tí ẹ fẹ́ rà kéré tó.

Ní ti olùkọ́, ẹ kò ní rí ẹni tó mọ polska ní Alágbàká tàbí ní Ìjàpọ̀, kò sì pọn dandan. Ẹni tó mọ fayolíìnì dáadáa nínú ìjọ yín, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ orin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adeyemi ní Oǹdó, lè kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń di ọ̀pá mú, àti bí ìka ṣe ń balẹ̀ síbi tó yẹ. Àmọ́ ẹ bá a sọ ohun mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ó má ṣe fi dandan lé gbígbọn ìka lórí okùn, èyí tí àwọn olùkọ́ orin ìwé fẹ́ràn, nítorí pé orin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gbọnrangandan. Èkejì, kí ó má ṣe sọ pé okùn méjì tó dún pọ̀ jẹ́ àṣìṣe. Ẹ̀kẹta, kí ó fara balẹ̀ kí ó tó tún ohùn kan ṣe fún ọmọ, nítorí pé nínú àwọn orin àtijọ́ kan, pàápàá ní ohùn kẹta àti ìkeje nínú dò-rè-mí, àwọn ará ibẹ̀ máa ń ta ohùn tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, tí dùrù kò ní. Bí ọmọ bá gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ tó sì tà á bí ó ṣe gbọ́ ọ, etí rẹ̀ ló yá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí iṣẹ́ wà.

Kí ọmọ tó fa ohùn kan jáde, ẹ jẹ́ kó rìn. Ẹ wá gånglåt kan tí onífayolíìnì kan ṣoṣo ń ta, ẹ fi sí i, kí ọmọ sì máa rìn yí pálọ̀ tàbí àgbàlá ká bí ẹni ń sin ìyàwó, ẹsẹ̀ kan fún òǹkà kan, láìsáré. Òbí náà yẹ kó bá a rìn. Ojú kì í ti ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ bí i mélòó kan tí ìrìn náà ti mọ́ ọn lára, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ó fi gìgísẹ̀ máa tẹ ilẹ̀ bí orin náà ṣe ń lọ. Ìgbà náà ni kó tó gbé fayolíìnì, okùn kan ṣoṣo ni kó sì máa fà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀, láìfi ìka kankan tẹ̀ ẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí máa ń sú àwọn àgbà ju àwọn ọmọdé lọ.

Polska le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ polska Swídìn, ní pàtàkì ti agbègbè Dalarna, òǹkà kìíní àti ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ onífayolíìnì máa ń tẹ̀, èkejì a sì wà lófuurufú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa pe "ení, èjì, ẹ̀ta" ní ohùn òkè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ lórí ení, kó dákẹ́ lórí èjì, kó tún balẹ̀ lórí ẹ̀ta. Ẹ̀ta ni ó ń ti oníjó padà sínú ení. Bí ẹsẹ̀ kò bá sọ ọ́, ijó náà yóò kú. Nígbà tí èyí bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láìsí orin, ẹ fi orin sí i, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú onífayolíìnì náà. Ẹ yan fídíò tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta á ti hàn, nítorí pé ojú yóò ran etí lọ́wọ́.

Níbí, ẹ ṣọ́ra fún àṣà etí tiwa. Ọmọ tó dàgbà láàárín ìlù Yorùbá ti mọ bí mẹ́ta ṣe ń wà nínú méjì tàbí nínú mẹ́rin, bí agogo ṣe máa ń dún nígbà tí a bá ń ṣe orin ayẹyẹ. Nítorí náà, bó bá gbọ́ polska, etí rẹ̀ lè pín in ní méjì méjì, yóò sì máa pàtẹ́wọ́ kọjá òǹkà mẹ́ta náà. Bí ẹ bá rí i pé àtẹ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí orí ení ní ìgbà yìí, tó sì bọ́ sí orí èjì ní ìgbà tó tẹ̀ lé e, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má bá a wí. Ẹ kàn dá a padà sórí ẹsẹ̀ rírìn: igbesẹ̀ mẹ́ta, kí àkọ́kọ́ gùn kí ó sì wúwo, títí tí àpapọ̀ mẹ́ta yóò fi di ẹyọ kan lára rẹ̀.

Springar ti Nọ́wè ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la. Òǹkà mẹ́ta rẹ̀ kì í dọ́gba: ní agbègbè Telemark, àkọ́kọ́ ló gùn jù, ẹ̀kẹta ló kúrú jù, ní agbègbè Valdres, àkọ́kọ́ ló kúrú, tí èkejì sì gùn. Kò sí ẹni tó lè ka irú èyí lórí ìwé kó sì tà á dáadáa, àfi kó wo àwọn oníjó, nítorí pé gígùn àti kíkúrú náà wá láti inú bí ara wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ tó sì ń dìde.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, etí ló kù. Bí ọmọ Àyàn kì í ti fi ìwé kọ́ ìlù, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó gán-gan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe kọ́ orin yìí ní abúlé Swídìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣáájú wọn. Orúkọ ẹni náà sì máa ń bá orin rìn. Wọ́n á sọ pé polska yìí jẹ́ èyí tí a gbà lọ́wọ́ Hjort Anders Olsson ti Bingsjö, tó gbé ayé láti 1865 sí 1952, tàbí pé ó ti ọ̀dọ̀ Pekkos Per wá, tó ti wà ní abúlé kan náà ṣáájú rẹ̀, láti 1808 sí 1877. Ẹ kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó bá fẹ́ ta orin níwájú èèyàn, kí ó kọ́kọ́ sọ irú orin tó jẹ́, ibi tó ti wá, àti ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tó wúlò wà fún èyí: orin kan náà lè ní ẹ̀dà márùn-ún ní abúlé márùn-ún, ọmọ tí kò bá mọ èyí tó ń kọ́ yóò pa wọ́n pọ̀, kò sì ní lè bá ẹnikẹ́ni ta á.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ yan orin kan, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí iná àti dátà wà, kí àìsí wọn má baà di àwáwí. Kí ọmọ máa gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ṣe nǹkan mìíràn, nígbà tó bá ń fọ abọ́ tàbí tó ń múra ilé-ẹ̀kọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gbìyànjú láti tà á. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹnu kọ ọ́ láìlo ọ̀rọ̀, bí àwọn ará Swídìn náà ti máa ń ṣe nígbà tí kò bá sí fayolíìnì nítòsí tí wọ́n sì fẹ́ jó. Ohun tí ẹnu kò bá lè kọ, ìka kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin yìí ní ìdajì méjì, wọ́n sì máa ń ta ìdajì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ìdajì kìíní, kí ẹ gé e sí ẹyọ kéékèèké tí ọmọ lè gbé lẹ́nu ní èémí kan, kí ó wá ohùn tí ẹyọ náà parí sí lórí okùn, kí ó sì ti ibẹ̀ wá èyí tó ṣáájú. YouTube ní ibi tí a ti lè dín ìyára fídíò kù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tó. Bí ẹ bá dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ijó á ti kúrò nínú rẹ̀, ohùn lásán ni yóò kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó fún ọmọ ọdún méje. Orin mẹ́ta tí ẹsẹ̀ mọ̀ sàn ju ogún tí ìka nìkan mọ̀.

Nígbà tí orin náà bá ti wà lọ́wọ́, kí ọmọ padà sí ọ̀pá. Kí ó má ṣe fà á gùn. Àárín rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, kí ó sì fi ìwúwo apá sórí ení, kì í ṣe títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Kí ó jẹ́ kí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa dún pẹ̀lú èyí tó ń ta, kí ohùn ìsàlẹ̀ kan lè máa lọ bí orin ṣe ń lọ. Ẹni tó ní bàbá àgbà tó mọ sákárà Yusuf Olatunji, kí ó pe bàbá náà wá gbọ́ ọ, nítorí pé etí tó mọ gòjé, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fà nínú sákárà, yóò tètè mọ ohun tí a ń wá nínú fífà yìí ju etí tó mọ orin ìwé lọ. Lẹ́yìn oṣù bí i mélòó kan, olùkọ́ lè fa okùn tó nípọn jù sókè láti G sí A, kí ohùn ìsàlẹ̀ lè máa ròkè rodò bí ti hardingfele. Àwọn orin Swídìn kan sì ń fẹ́ kí a tún fa èyí tó tẹ̀ lé e láti D sí E. Kí a ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí ojú ọmọ má wà nítòsí, nítorí pé okùn lè já.

Mo mọ̀ pé òbí tó jẹ́ díákónì yóò rí ìtàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìpẹ́, pé ẹ̀mí omi kan tí Nọ́wè ń pè ní fossegrim máa ń kọ́ ènìyàn ní fayolíìnì bí wọ́n bá gbé ẹran fún un, àti pé àwọn onísìn kan sun fayolíìnì níná ní Nọ́wè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nítorí wọ́n kà á sí ohun èlò èṣù. Òtítọ́ ni pé wọ́n sun wọ́n; ìtàn ẹ̀mí omi sì jẹ́ àlọ́. Lónìí, orin ìyàwó wọn ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ẹni tó ń ṣàtakò, nítorí náà ẹ má tìtorí èyí gba ohun èlò lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun tó ń mú ọmọ dúró nídìí rẹ̀ ni kó rí ẹlòmíràn ta á pẹ̀lú. Ní Kaustinen ní Fínlándì, tí UNESCO fi iṣẹ́ fayolíìnì rẹ̀ sínú àkójọ ogún àṣà àgbáyé ní 2021, Mauno Järvelä dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń ta orin ìbílẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ju okùn òfìfo, ìyẹn okùn tí a kò fi ìka tẹ̀, lọ àti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ẹgbẹ́ kan náà. Èyí ṣeé ṣe ní Àkúrẹ́. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta láti ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé lọ́sẹ̀ méjì méjì: ọ̀kan yóò ta orin náà gan-an, ọ̀kan yóò máa fa okùn òfìfo lórí ení àti ẹ̀ta, èyí tó bá sì ti gbọ́n sí i yóò wá ohùn kejì sí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Swídìn. Bí ẹ bá mọ onígán-gan tó fẹ́ bá wọn ṣe é, gånglåt nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Bó bá wọ inú polska ní kùtùkùtù, ìlù rẹ̀ ni yóò borí, àwọn ọmọ yóò sì tẹ̀ lé e jáde kúrò nínú mẹ́ta.

Ìwé orin ni kí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún kan ó kéré tán. Ní 1908 ni Swídìn ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti kó orin àwọn onífayolíìnì jọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n kó jọ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Svenskt visarkiv, ilé ìpamọ́ orin ìbílẹ̀ Swídìn. Ojúewé tó ń jẹ́ FolkWiki náà kún fún orin. Ọmọ tó bá ti mọ ìwé orin kà ní ìjọ yóò tètè máa wá tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo agbègbè tí orin náà ti wá, kí ó sì wá ẹni tó ń ta orin agbègbè yẹn lórí fídíò kó tó gbé ọ̀pá. Bí kò bá rí ohùn ẹnikẹ́ni tó lè tẹ̀ lé, kí ó fi orin náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì mú òmíràn.